Ta Ni Ń Ṣọ́ Iye Owó Omi àti Iná? Ẹ̀kọ́ láti Libreville àti Èkó

Ní ọjà, ẹni tí ó ń tà yóò pe iye rẹ̀, ẹni tí ó ń rà yóò sì ná an. Bí iye náà bá pọ̀ jù, olùrà lè yí padà lọ sí ìsọ̀ kejì. Ṣùgbọ́n ọjà méjì wà ní ìlú ńlá tí a kì í ná: omi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń tà wọ́n, páìpù kan ṣoṣo ni ó sì wọ inú ilé wa. Iye tí a bá pè ni a ó san. Bí a kò bá san án, a ó jókòó sínú òkùnkùn. Nítorí ìdí èyí ni ó fi yẹ kí ẹnì kan wà tí yóò bá ará ìlú ná ọjà náà. Ìbéèrè tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: ta ni ẹni náà, kí ni iṣẹ́ rẹ̀, báwo sì ni ará ìlú ṣe lè mọ̀ bóyá ó ń ṣe é?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti oríṣiríṣi ilẹ̀ wá yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wa. A ó kọ́kọ́ wo Libreville, olú-ìlú Gabon. Lẹ́yìn náà a ó wo Èkó.

1. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Libreville

Òjò tí ń rọ̀ ní Libreville lọ́dún kan ju mítà 2 àti ààbọ̀ lọ bí a bá wọ̀n ọ́n. Síbẹ̀ omi ẹ̀rọ a máa wọ́n àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé òjò kì í ṣe omi mímu; a ní láti gbà á jọ, kí a sẹ́ ẹ, kí a sì fi páìpù gbé e wọ̀lú. Ntoum, ní ìlà-oòrùn ìlú náà, ni a ti ń fa omi wá. Iná sì ń ti dáàmù Kinguélé àti Tchimbélé lórí odò Mbei wá, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ iná tí ó wà ní Owendo. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ń ta omi àti iná fún wọn; SEEG ni orúkọ rẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, a dín agbára owó CFA kù sí ìdajì. Owó Faransé kan tí à ń fi 50 CFA rà tẹ́lẹ̀ di 100. Ohun èlò tí a ń kó láti òkè òkun wá, bí ẹ̀rọ, páìpù àti mítà, tipa bẹ́ẹ̀ di ọ̀wọ́n gógó. Ní ọdún 1997, ìjọba Gabon fi SEEG lé ilé-iṣẹ́ Faransé kan lọ́wọ́ fún 20 ọdún. Compagnie Générale des Eaux ni a ń pè é nígbà náà. Ó di Vivendi, ó sì di Veolia lẹ́yìn náà. Ìpín 51 nínú 100 di tirẹ̀, èyí tí ó kù sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn olùdókòwò mìíràn.

Ọ̀nà tí a gbà yan ilé-iṣẹ́ yìí yẹ fún àfiyèsí. Ẹni tí ó bá lè dín iye owó kù jù lọ ni a sọ pé yóò gba iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó gbà á ṣe ìlérí láti dín in kù ní 17.25 nínú 100. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ohun kan bá jẹ́ 100 tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ìdínkù yìí yóò di 82.75. Bí a bá wá fi 20 nínú 100 kún un lẹ́yìn ọdún díẹ̀, yóò di 99.30. Àfikún kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìdínkù náà tán. Nítorí náà, kò tó kí a mọ iye tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ó yẹ kí a mọ òfin tí a ó fi máa yí iye náà padà.

2. Ibi tí àbójútó ti kù díẹ̀ káàtó

Ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ni ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà. Ẹni tí ń san owó kò sí níbẹ̀. Ìjọba ni ó yẹ kí ó ṣojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba fúnra rẹ̀ tún jẹ́ oníbàárà ńlá, nítorí pé àwọn ọ́fíìsì, ilé-ìwé àti ilé-ìwòsàn rẹ̀ ń lo omi àti iná. Ẹni tí ó jẹ́ onídàájọ́ tí ó sì tún jẹ́ onígbèsè níwájú ẹni tí ó ń dá lẹ́jọ́ kò lè fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀.

Ohun kejì ni pé iye owó tí a kọ sínú ìwé kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ní àwọn àdúgbò tí páìpù kò dé, ọwọ́ aládùúgbò tí ó ní ẹ̀rọ omi ni àwọn mìíràn ti ń ra omi ní garawa. Ẹni tí ó ń fi garawa ra omi kì í san iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Iye tí aládùúgbò bá pè ni yóò san. Bí owó bá lọ sókè ní ọ́fíìsì, yóò lọ sókè ní ẹnu garawa náà. Bí ó bá wá sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, kò dájú pé yóò wá sílẹ̀ ní ẹnu garawa.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀hónú lórí omi àti iná tí kì í dúró ń pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2018, ìjọba gba ilé-iṣẹ́ náà, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Veolia kò gbà, ọ̀rọ̀ sì di ẹjọ́ níwájú àwọn alárinà àgbáyé. Ní oṣù kejì ọdún 2019 wọ́n parí ìjà. Ìjọba gbà láti fi mílíọ̀nù 45 owó Yúróò ra ìpín Veolia. Síbẹ̀ ìṣòro kò tán, nítorí pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 ìjọba tún yan alábòójútó onígbà díẹ̀ lé SEEG lórí. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé yíyí olówó ilé-iṣẹ́ padà kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àbójútó. Àlejò ni ó ni í ni o, ìjọba ni ó ni í ni o, ó yẹ kí a máa bi í léèrè.

3. Èkó: láti ọdún 1908 títí di òní

Àwọn baba wa ní Èkó ti ja irú ìjà yìí ṣáájú. Ní ọdún 1908, Gómìnà Walter Egerton ń ṣètò láti fa omi láti Ìjù wá sí Èkó, kí ará ìlú sì máa san owó omi. Dókítà John Randle àti Dókítà Orísadípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti takò ó. Àwọn ará ìlú ní àwọn ní kànga, àti pé a kò bi àwọn kí a tó bu owó lé àwọn. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ kejì yìí, nítorí pé títí di ọdún 1923 kò sí aṣojú tí ará Èkó dìbò yàn sí ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí gba owó náà ní ọdún 1916, Herbert Macaulay wà lára àwọn tí ó takò ó. Àwọn aṣáájú People's Union ní tiwọn ti gbà pé kí a san án, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kẹ̀yìn sí wọn.

Kí a má ṣe rò pé ìhà kan ṣoṣo ni ó jàre. Omi mímọ́ dára, ó ń lé àrùn jìnnà, ẹni tí ó fà á wá sì ní láti rí owó tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Ohun tí kò dára ni pé a mú ìpinnu wá fún ìlú lẹ́yìn tí a ti ṣe é tán.

Lẹ́yìn náà òfin yí padà. Òfin iná Nàìjíríà ti ọdún 2005 dá àjọ NERC sílẹ̀. Ó sì pàṣẹ pé kí àjọ náà tó fọwọ́ sí ìlànà tuntun tí a ó fi máa ṣírò owó iná, ó gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí ó sì fún ará ìlú ní àyè láti sọ̀rọ̀. Nígbà tí owó iná lọ sókè ní oṣù kejì ọdún 2016, agbẹjọ́rò kan, Toluwani Adebiyi, ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún náà, Adájọ́ Mohammed Idris sọ pé àfikún náà kò bá òfin mu, nítorí pé a kò tẹ̀lé ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìlànà ni ẹjọ́ náà dúró lé lórí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC fọwọ́ sí ₦225 fún yúnìtì iná kan fún àwọn tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́. Níhìn-ín a so owó mọ́ iṣẹ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi ẹ̀hónú hàn ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní aago àti ìwé àkọsílẹ̀ nínú ilé rẹ̀ nìkan ni ó lè sọ bóyá wákàtí 20 pé.

4. Ìbéèrè márùn-ún tí ó yẹ kí ìlú bi

Bí a bá kéde àfikún owó, kí ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ olùkọ́ jókòó, kí wọ́n sì bi ilé-iṣẹ́ náà báyìí:

(i) Kí ni ó wọ́n: epo, ẹ̀rọ, owó iṣẹ́, tàbí gbèsè? Níbo ni ìṣirò rẹ̀ wà?
(ii) Omi tàbí iná mélòó ni ó ń ṣòfò lójú ọ̀nà tàbí tí a ń jí, ta ni ó sì ń san owó rẹ̀?
(iii) Àwọn ọ́fíìsì ìjọba ha ń san gbèsè tiwọn?
(iv) Kí ni àfikún yìí yóò ṣe sí ẹni tí ó ń ra omi ní garawa?
(v) Kí ni a ó rí gbà, ní ọjọ́ wo, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí a kò bá rí i?

Kí a má sì gbàgbé pé owó tí ó kéré jù náà ní ewu tirẹ̀. Ní Mali, ilé-iṣẹ́ Faransé tí ó ń bójú tó omi àti iná kúrò níbẹ̀ ní ọdún 2005 lẹ́yìn àríyànjiyàn pẹ̀lú ìjọba lórí iye owó. Ẹni tí ó ń ṣọ́ owó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò máa sọ pé "rárá" ní gbogbo ìgbà. Ìṣirò ni kí ó béèrè. Bí ìṣirò bá pé, kí ó gbà. Bí kò bá pé, kí ó kọ̀.

5. Iṣẹ́ olùkọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ó di olùkọ́, kíláàsì yín lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láìná kọ́bọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka mítà ilé wọn ní ọjọ́ Ajé méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn, kí ó yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì, kí ó sì fi iye yúnìtì kan sọ ọ́ di púpọ̀. Ọmọ tí ilé wọn kò ní mítà, kí ó ka garawa. Lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ iye tí garawa kan jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ iye tí omi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nínú ìwé owó omi. Ọmọ tí ó bá ti ṣe ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀kan kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn nìkan rọ òun láti sanwó nígbà tí ó bá dàgbà.

Ìbéèrè fún àròjinlẹ̀

1. Èéṣe tí a kò fi lè ná owó omi bí a ti ń ná owó iṣu?
2. Ohun kan jẹ́ 100. A dín in kù ní 17.25 nínú 100. Àfikún mélòó nínú 100 ni yóò dá a padà sí 100 gẹ́lẹ́?
3. Ní ìlú tìrẹ, ta ni ó ń fọwọ́ sí àfikún owó omi? Ǹjẹ́ a máa ń bi ará ìlú léèrè ṣáájú?
4. Nínú ìbéèrè márùn-ún òkè wọ̀nyí, èwo ni o rò pé ó ṣòro jù fún ilé-iṣẹ́ láti dáhùn? Sọ ìdí rẹ̀.