Ọmọ Tí Kì í Jẹ Ẹ̀fọ́

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ọmọ ọdún 3, kì í fẹnu kan ẹ̀fọ́, bẹ́ẹ̀ kì í fi fídíò ṣeré. Ṣé fídíò lè kọ́ ọ ní jíjẹ oúnjẹ aṣaralóore? — Ìyá ọlọ́mọ kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ó lè kọ́ ọ, bí ẹ bá jọ ń wò ó. Ẹ fi fóònù yín ká a sílẹ̀ níbi tó ti ń bá yín já ewé ṣọkọ. Ta ni ọmọdé fẹ́ràn àtimáa wò ju ara rẹ̀ lọ? Tí ẹ bá wò ó tán, kí ẹ̀fọ́ náà wà nítòsí, kó tọ́ ọ wò. Tó bá jẹ́ fídíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ń wò, ìpolówó mínírà lè ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́: ẹ tọ́jú fídíò sórí fóònù, kí ẹ pa dátà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 3 má wo fídíò ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́. Tó bá ń jẹun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù kúrò níwájú rẹ̀.