Ikú Tó Ń Gbé Ẹ̀mí Ró

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan láti Ajah fẹ́ mọ̀ bóyá àìsàn ni ikú, àti ìdí tí ara tó lè wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn kò fi lè wà títí láé.

Ìdáhùn: Ikú fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn, nítorí pé ojoojúmọ́ ni sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ tín-tìn-tín tó para pọ̀ di ara, ń kú lára ẹni tó le koko, tí òmíràn sì ń rọ́pò wọn. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara ń lò tó nǹkan bí 120 ọjọ́, lẹ́yìn èyí ni ara yóò tú u palẹ̀, tí yóò sì fi èròjà irin inú rẹ̀ ṣe tuntun nínú mùdùnmúdùn egungun. Ṣùgbọ́n lára ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tán lára rẹ̀.

Ní 1972, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Kerr, Andrew Wyllie àti Alastair Currie pe irú ikú tí sẹ́ẹ̀lì ń fi tú ara rẹ̀ ká létòlétò ní apoptosis. Òun ló ń mú awọ tó so ìka ọmọ inú oyún pọ̀ kúrò, kí ìka lè dá dúró. Sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ̀ láti kú lásìkò, tó sì ń pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró, ló lè di jẹjẹrẹ. Sẹ́ẹ̀lì tó sì ń ṣe déédéé pàápàá ní òpin, nítorí pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Leonard Hayflick ṣàwárí ní 1961 pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n ń tọ́ ní yàrá àyẹ̀wò kì í pín kọjá nǹkan bí ìgbà 40 sí 60; èyí wà lára ìdí tí ara kò fi lè máa tún ara rẹ̀ ṣe títí láé.

Ikú odindi ẹ̀dá náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní Lekki Conservation Centre, igbó hẹ́kítà 78 tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, olú, ikán àti àwọn kòkòrò àìfojúrí ń sọ ewé tó já àti igi tó wó di oúnjẹ fún igi tó ń hù.

Àwáyé-àìkú kò sí, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àwíjàre fún ikú àìtọ́jọ́ tó ṣeé dènà. Ó yẹ kí àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó yẹ jẹ́nótáìpù wọn wò ṣáájú nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, kí ẹni tó bá rí kókó tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kò nídìí tètè lọ sílé ìwòsàn, kí àwọn òbí sì jẹ́ kí ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 gba àjẹsára HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá 2023.