Lock Yìí, Kí Ló Ń Ṣọ́?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ kóòdù kernel Linux, bí ẹ bá gbé iṣẹ́ yín wá bá mi, ibi tí ẹ kọ dátà tí lock kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ sí ni mo kọ́kọ́ ń wá. Bí mi ò bá rí i, mo ti dá iṣẹ́ náà padà nìyẹn.

Ẹ wo `q->count++`. Lójú, ìlà kan péré ni. Ṣùgbọ́n CPU gbọ́dọ̀ ka iye tó wà níbẹ̀, kó fi ọ̀kan kún un, kó tó kọ ọ́ padà. Bí iye náà bá jẹ́ 5, tí CPU méjì sì kà á pa pọ̀, àwọn méjèèjì ni yóò kọ 6. Ọ̀kan ti sọnù, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀. Irú àléébù bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó fojú hàn: èyí tí wọ́n pè ní Dirty COW ti wà nínú kernel láti 2007, ọdún 2016 ni wọ́n tó tún un ṣe.

Lock ló ń dènà irú èyí, ṣùgbọ́n dátà ni kí ẹ so àlàyé rẹ̀ mọ́, ẹ má so ó mọ́ kóòdù. Nínú struct gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ `count`, ẹ kọ ọ́ pé `q->lock` ló ń ṣọ́ ọ. `checkpatch.pl --strict` máa ń ráhùn bí spinlock kò bá ní àlàyé. Àwọn ọ̀lẹ á wá kọ "lock rèé", kó ṣáà lè panu mọ́.

Bí fọ́nkṣọ̀n yín bá retí pé ẹni tó pè é ti di lock mú, ẹ fi `lockdep_assert_held(&q->lock)` ṣe ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀. Àlàyé lásán lè di irọ́ bí kóòdù bá yí padà. Ìlà yìí á pariwo bí ẹni tó pè é kò bá di lock mú. Lockdep, tó ń yẹ lílo lock wò, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí; láti 2006 ni èyí tí Ingo Molnar kọ yìí ti wà nínú kernel, ẹ tan `CONFIG_PROVE_LOCKING` bí ẹ bá ń dán iṣẹ́ wò. Àmọ́ ojú ọ̀nà tí kóòdù bá gbà kọjá nìkan ló ń rí o.

Bí lock bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ kọ èyí tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì mú. Ẹ lọ ka òkè fáìlì `mm/rmap.c`, wọ́n to tiwọn síbẹ̀ láti òde dé inú.

Tí ẹ bá sì mọ̀ọ́mọ̀ ka dátà láìdi lock mú, ẹ lo `READ_ONCE()`, kí ẹ kọ ìdí tí iye tó ti pẹ́ díẹ̀ kò fi lè ba nǹkan jẹ́.