MÁ FI AGBÁRA ÀYÁLÒ GUN ÒKÈ

*Àṣàrò Òwúrọ̀*
*Bíbélì kíkà:* 1 Àwọn Ọba 19:1-8
*Ẹ tún ka:* Lúùkù 14:28-30

Kí wàhálà ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Òkè kan ni mo fẹ́ kí a jọ wò láàárọ̀ yìí. Mont Ventoux lorúkọ rẹ̀. Ó wà ní agbègbè Provence ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ní apá tó kọjú sí Òkun Mẹditaréníà. Gíga rẹ̀ tó bíi mítà 1,910. Ọdọọdún ni àwọn èèyàn ń ti orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi wá gùn ún. Ọ̀pọ̀ wọn kì í wa mọ́tò lọ síbẹ̀ o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wà títí dé orí òkè.

Títì ọlọ́dà mẹ́ta ló gun òkè náà. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti abúlé Bédoin, èkejì láti Malaucène, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bíi kìlómítà 21. Ẹ̀kẹta wá láti ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Sault, níbi tí wọ́n ti ń gbin láfẹ́ńdà. Ìyẹn rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn díẹ̀, torí Sault fúnra rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ gíga, àmọ́ ó gùn ju àwọn yòókù lọ, ó tó bíi kìlómítà 26. Kò sí èyí tó tẹ́jú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o: ọ̀nà sọ́dọ̀ Baba, ọ̀kan ṣoṣo ni, Jésù ni. Ọ̀nà iṣẹ́, ọ̀nà ilé, ọ̀nà ìpè tí Ọlọ́run fi kálukú wa sí ni mò ń bá yín sọ.)

*1. Ibi tó rọrùn ni èèyàn ti ń ná agbára tó máa wá nígbà tó bá le.*

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ọ̀nà Bédoin. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà náà ń gba àárín ọgbà àjàrà àti igi ṣẹ́rì kọjá. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé kì í ṣe òkè. Atẹ́gùn àárọ̀ ń fẹ́, ara ṣì le. Ẹnì kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ̀yin náà bá fi iná sí i, ẹ ní kí ló fi jù yín lọ?

Tó bá tó nǹkan bíi kìlómítà 6, ẹ máa dé kọ́nà kan tí wọ́n ń pè ní Saint-Estève. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ṣàdédé kọrí sínú igbó, tó sì ga sókè gan-an. Fún nǹkan bíi kìlómítà 9, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ ti máa sinmi. Bí a bá ṣírò rẹ̀, nínú gbogbo mítà 100 tí ẹ bá lọ, ẹ ti gòkè tó mítà 9. Ẹni tó bá ti ná agbára rẹ̀ tán sáàárín ọgbà àjàrà, inú igbó yẹn ló ti máa san gbèsè rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ òkè náà fi ń sọ pé: ẹ fi jíà sí èyí tó fúyẹ́, ẹ má tẹ̀lé ìrìn ẹlòmíràn, ẹ jẹun kí ebi tó pa yín, ẹ mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ yín. Àwọn àgbà wa náà ti sọ ọ́: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹ̀yin ará, ọgbà àjàrà mélòó la ti sáré já? Ẹgbẹ́ wa kọ́lé, a lọ yá owó. Wọ́n ṣe ayẹyẹ, a ṣe tiwa jù ú lọ. Ọ̀nà ò tíì le rárá, agbára sì ti tán.

*2. Agbára àyálò kì í jẹ́ ká mọ̀ pé ó ti rẹ̀ wá.*

Tí ẹ bá jáde nínú igbó, ẹ máa dé ibì kan tó ń jẹ́ Chalet Reynard. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Sault ti wá pàdé ti Bédoin, ó sì ku nǹkan bíi kìlómítà 6. Láti ibẹ̀ lọ, igi dín kù títí kò fi sí mọ́. Òkúta funfun nìkan lẹ máa rí, oòrùn lókè, ẹ̀fúùfù lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní July 13, 1967, ìdíje Tour de France gba orí òkè yìí kọjá. Tom Simpson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára wọn. Kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ náà o. Ní 1965, òun ló gba ipò kìíní ní gbogbo àgbáyé. Àmọ́ inú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti bí ọjọ́ mélòó kan, oòrùn ọjọ́ náà sì mú gan-an. Nígbà tí orí òkè ò jìnnà mọ́, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ káàkiri títì. Ó ṣubú. Ó fẹ́ máa lọ, wọ́n sì gbé e padà sórí kẹ̀kẹ́. Kò lọ jìnnà tó tún fi ṣubú, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún 29 ni.

Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n bá oògùn amphetamine nínú ara rẹ̀. Oògùn yìí kì í fún èèyàn lágbára tuntun. Ńṣe ló máa ń bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀, kí èèyàn má gbọ́ nígbà tí ara ń pariwo pé ó tó. Òkúta ìrántí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀ títí di òní, kò tó kìlómítà 2 sí orí òkè. Àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ kọjá máa ń dúró, wọ́n á fi ike omi tàbí fìlà wọn sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí kò yẹ ká gbàgbé. Kì í ṣe ọ̀tá ló gbé e padà sórí kẹ̀kẹ́, àwọn èèyàn tirẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè nínú ìjọ: ta ni àwa ń gbé padà sórí kẹ̀kẹ́? Arábìnrin tí kò tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, a ní kó tún wá darí ìṣọ́ òru. Pásítọ̀ tí ara rẹ̀ ò yá, a ní “Olúwa ni agbára yín, sà.” Ọ̀dọ́kùnrin tó ń lo oògùn kí oorun má bàa kùn ún níbi iṣẹ́, a ń kí i pé ó kú ìtara. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ dì í mú, kí ẹ bá a sọ̀ kalẹ̀.

*3. Ẹ̀sọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ.*

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ajíhìnrere, ṣé ká wá jókòó ni?” Rárá o. Ní 1336, akéwì ará Ítálì kan, Petrarch, fẹsẹ̀ gun òkè yìí kan náà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Nínú lẹ́tà tó kọ nípa rẹ̀, ó ní àbúrò òun gba ọ̀nà tó gòkè tààrà, òun sì ń wá ibi tó rọrùn kiri. Ibi tó rọrùn yẹn ló ń mú un sọ̀ kalẹ̀ padà sí àfonífojì, ó sì wá rẹ̀ ẹ́ ju àbúrò rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń sá fún òkè kò sinmi. Ẹni tó ń gùn ún níwọ̀n agbára rẹ̀ ló ń dé ibẹ̀.

Nígbà mìíràn sì rèé, ọgbọ́n ni kéèyàn dúró. Ní 2016, ẹ̀fúùfù le tó bẹ́ẹ̀ lórí òkè náà tí àwọn tó ń darí Tour de France fi ní kí ìdíje ọjọ́ náà parí sí Chalet Reynard. Ojú ò tì wọ́n.

Ẹ wá wo Èlíjà. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun ńlá lórí Kámẹ́lì, tó tún sáré níwájú kẹ̀kẹ́ ẹṣin Áhábù, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, ó ní kí òun kúkú kú. Ọlọ́run ò nà án. Kò sì pè é ní aláìgbàgbọ́. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì gbé oúnjẹ àti omi wá, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni, torí ìrìn àjò tó kù ju agbára rẹ̀ lọ. Oúnjẹ yẹn ló gbé e fún ogójì ọjọ́ dé Hórébù, òkè Ọlọ́run. Ṣé ẹ rí i? Ọlọ́run ò mú òkè náà kúrò. Ó bọ́ ẹni tó fẹ́ gùn ún.

*Iṣẹ́ òní:* Ẹ sọ ẹrù kan kalẹ̀ tó jẹ́ pé torí ojú ayé lẹ ṣe gbé e. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹnì kan tí ẹ mọ̀ pé ó ń ṣe wàhálà jù. Ẹ bi í pé, “Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ sùn?” Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.

*Àdúrà:* Baba, má jẹ́ kí n fi ìrìn ẹlòmíràn gun òkè tèmi. Gba agbára àyálò lọ́wọ́ mi, kí o sì fi oúnjẹ tìrẹ bọ́ mi. La ojú mi sí ẹni tó fẹ́ ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ yìí á san gbogbo wa o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ti rẹ̀. 🙏