Olùdámọ̀ràn kì í ṣe ọ̀gá: Ẹ̀kọ́ fún ẹni tí wọ́n bá pè sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ open source

Àwọn àgbà ló sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Àgbà tí wọ́n ń sọ yìí kọ́ ló bí ọmọ, òun kọ́ ló pọ̀n ọ́n, kò sì ní já ọmọ náà gbà kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó rí i pé orí ọmọ ti wọ́, ó sì pe ìyá ọmọ kó tún un ṣe. Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn gan-an nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í ṣe.

Olùdámọ̀ràn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni ti àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe sọ́fítíwíà tí wọ́n ń pè ní open source. Ẹ lè máa rò ó pé ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan lèyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó ń ta tòmátì ní Mile 12 lè jókòó sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ìmọ̀ràn rẹ̀ sì wúlò ju ti ẹlòmíì tó kàwé jù ú lọ.

KÍ NI OPEN SOURCE?

Sọ́fítíwíà ni ìlànà tí àwọn onímọ̀ kọ fún kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kó lè mọ ohun tó máa ṣe. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń fi ìlànà yìí pamọ́, bí olóúnjẹ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ bí òun ṣe ń se ọbẹ̀. Ti open source yàtọ̀. Gbangba ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹni tó bá fẹ́ lè kà á, kó lò ó, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíì, níwọ̀n ìgbà tó bá ti tẹ̀lé àdéhùn tó wà nínú ìwé àṣẹ rẹ̀. Linux wà lára èyí tó lókìkí jù. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991, nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ìlú Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland. Orí Linux yìí ni wọ́n kọ́ Android lé. Nítorí náà, ọlọ́jà tó ń fi fóònù Android pe awakọ̀ tírélà tó ń kó àlùbọ́sà bọ̀ láti Sókótó ń jẹ nínú iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ yìí láìmọ̀.

Àwọn kan wà tí iléeṣẹ́ ń sanwó fún láti ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé wọ́n kàn yọ̀ǹda ara wọn ni. Bí ẹgbẹ́ bá sì ti ń tóbi, ìbéèrè á dìde: ta ló láṣẹ? Ta ló máa ná owó? Ta ló máa parí ìjà? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yan ìgbìmọ̀.

ALÁṢẸ YÀTỌ̀ SÍ OLÙDÁMỌ̀RÀN

Oríṣi ìgbìmọ̀ méjì ló wà, kò sì yẹ ká pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni ìgbìmọ̀ tó ní àṣẹ. Àjọ Apache Software Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1999, ní ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń fi ìbò yàn lọ́dọọdún. Nígbà tí Guido van Rossum, ẹni tó dá èdè kọ̀ǹpútà Python sílẹ̀, sọ lóṣù keje ọdún 2018 pé òun kò ṣe olórí mọ́, èèyàn márùn-ún ni wọ́n dìbò yàn lọ́dún 2019 láti máa darí iṣẹ́ náà. Ọmọ Nàìjíríà náà ti wà nírú ipò yìí rí. Samson Goddy, tí òun àti Ada Nduka Oyom dá ẹgbẹ́ Open Source Community Africa sílẹ̀ lọ́dún 2018, ti wà nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó Sugar Labs, ẹgbẹ́ tó ń ṣe sọ́fítíwíà ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọdé. Ẹgbẹ́ Open Source Community Africa yìí ló ṣe àpérò ńlá kan nílùú Èkó lóṣù kejì ọdún 2020.

Èkejì ni ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn. Ẹgbẹ́ GNOME, tí àjọ tó ń darí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000, ní irú rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ àti àjọ tó ń ran GNOME lọ́wọ́ ló ń rán aṣojú wá síbẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń gba ìròyìn, ṣùgbọ́n wọn kò láṣẹ láti pinnu ohunkóhun. Ìgbìmọ̀ tó ń darí ló máa pinnu.

Kí ló dé tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì? Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Mambo lọ́dún 2005. Mambo jẹ́ sọ́fítíwíà open source tí wọ́n fi ń ṣètò ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Iléeṣẹ́ Miro tó ni orúkọ náà dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa darí rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an wá fárí gá, wọ́n ní wọn kò fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn bó ṣe yẹ. Wọ́n kúrò, wọ́n gbé kóòdù náà dání, wọ́n sì sọ ọ́ ní Joomla, orúkọ tí wọ́n fà yọ láti inú èdè Swahili, tó túmọ̀ sí “gbogbo wa lápapọ̀”. Nínú ọjà tiwa, bí èèyàn bá bínú kúrò ní ìsọ̀, ìsọ̀ kì í bá a lọ. Ní ti open source, ìsọ̀ àti ọjà inú rẹ̀ ló máa bá a lọ. Ìgbìmọ̀ tó bá ń pàṣẹ fún ẹni tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kàn jí lọ́jọ́ kan ni, yóò rí i pé òun nìkan ló kù.

KÁ FI MILE 12 ṢE ÀPẸẸRẸ

Ọjà Mile 12 ní Kòsọ́fẹ́, lẹ́bàá òpópónà Ìkòròdú, ni ọ̀pọ̀ tòmátì, ata àti àlùbọ́sà tó ń ti òkè ọya bọ̀ máa ń já sí, kí àwọn alájàpá tó kó o lọ sí ọjà mìíràn. Ọjà tó tètè ń bàjẹ́ ni. Tírélà tó bá pẹ́ lọ́nà, owó ẹnì kan ló ti ń jẹrà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ní àwọn ọ̀dọ́ kan ní Kétu pawọ́ pọ̀ ṣe sọ́fítíwíà open source tí yóò máa sọ iye tí wọ́n ń ta tòmátì lójoojúmọ́, kí àgbẹ̀ tó wà ní Kánò àti olóúnjẹ tó wà ní Ìkòròdú lè jọ mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n yan ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn ẹlẹ́ni márùn-ún, tí ìyá kan tó ti pẹ́ nídìí tòmátì sì wà lára wọn. Ìyá yìí kò mọ kóòdù kọ. Kí ló fẹ́ gbà wọ́n nímọ̀ràn lé lórí?

Àkọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́ yìí kọ ọ́ pé “iye apẹ̀rẹ̀ kan”. Ìyá á bi wọ́n pé, “Apẹ̀rẹ̀ wo, ẹ̀yin ọmọ mi?” Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n hun kò dọ́gba, ńlá wà, kékeré wà, ike tí wọ́n ń kó tòmátì sí náà tún yàtọ̀. Tòmátì tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ sì lè ti fọ́ kó tó dé Èkó. Bí wọn kò bá sọ ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀ àti bí ọjà inú rẹ̀ ṣe rí, iye tí wọ́n ń gbé jáde kò ní í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ńṣe ni yóò máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín àgbẹ̀ àti ẹni tó ń bá a tà á.

Èkejì, yóò bi wọ́n pé kí ni sọ́fítíwíà náà máa sọ lọ́jọ́ tí ọjà kò bá wọlé. Lóṣù kẹta ọdún 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12, ìjọba Gómìnà Akinwunmi Ambode sì ti ọjà náà pa. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù dá ọjà tó ń bọ̀ wá sí gúúsù dúró fún ọjọ́ mélòó kan, oúnjẹ sì gbówó lórí. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, bí fóònù bá ṣì ń sọ iye àná bí ẹni pé tòní ni, ó ti parọ́ fún aráàlú nìyẹn. Ó yẹ kó máa sọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n gba iye náà.

Ẹ̀kẹta le díẹ̀. Bí ìyá yìí bá ń ṣe alárinà, tó ń bá àwọn àgbẹ̀ ta ọjà gba owó iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí iye tó bá hàn sí gbogbo ayé dín èrè tirẹ̀ kù. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Kí ó tó dá sí ọ̀rọ̀ náà, kí ó sọ fún gbogbo ìpàdé pé òun ní ìpín níbẹ̀, kí àkọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí kì í ṣe ìtìjú. Ohun tó lè ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ni pé kó fi pamọ́, kí wọ́n wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Bí wọ́n bá sì gba ìmọ̀ràn méjì nínú mẹ́ta ńkọ́? Ó ti ṣe tirẹ̀. Kí ó má lọ máa pe àwọn ọ̀dọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan lóru láti yí wọn lọ́kàn padà.

ẸNI TÓ RU ẸRÙ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ WÒ

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft kan, ṣàkíyèsí pé nǹkan kan ń falẹ̀ díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó tọpasẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé ẹnì kan ti ki ohun burúkú bọ inú xz, sọ́fítíwíà kékeré kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń tọ́jú xz fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgbowó. Iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àwọn kan sì ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó fa iṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan, tó ti ń ṣe bí olùrànlọ́wọ́ fún ohun tó lé lọ́dún méjì, ló rí kọ́kọ́rọ́ gbà.

Àwọn alábàárù Mile 12 mọ ìtumọ̀ èyí. Ẹni tí ẹrù ti mú lọ́rùn kì í bèèrè orúkọ ẹni tó ní kó sọ̀ ọ́. Nítorí náà, ìbéèrè tí olùdámọ̀ràn kò gbọdọ̀ gbàgbé ní ìpàdé kankan ni pé: ta ló ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an, ṣé kò tíì rẹ̀ ẹ́, ta ló sì lè gbà á sílẹ̀?

KÍ Ẹ TÓ GBÀ

Bí wọ́n bá pè yín, ẹ béèrè nǹkan márùn-ún. Ẹ béèrè ìwé tó sọ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà, kí ẹ lè mọ̀ bóyá àṣẹ ni tàbí ìmọ̀ràn. Ẹ béèrè ẹni tó máa gbọ́ ìmọ̀ràn yín àti bí wọ́n ṣe máa fèsì. Ẹ béèrè bí sáà yín ṣe gùn tó, nítorí ipò tí kò ní ọjọ́ ìparí ló máa ń di oyè ìdílé. Ẹ béèrè ẹni tó máa san owó dátà àti owó ọkọ̀, torí pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní kí ẹ máa jẹ gbèsè. Ẹ sì béèrè aago tí wọ́n ń ṣèpàdé. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá lù ní San Francisco, aago márùn-ún tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló lù ní Èkó, ìgbà tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ máa ń gbòde ní òpópónà Ìkòròdú. Ẹni tí kò bá lè ráàyè, kó sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n fi ẹlòmíì sí i.

Èrè tó wà níbẹ̀ kì í ṣe owó oṣù. Ẹ ó mọ èèyàn, ẹ ó kọ́ iṣẹ́, orúkọ yín yóò sì dé ibi tí ẹsẹ̀ yín kò dé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sọ ipò náà di ọ̀nà àtigba kọńtíráàtì, orúkọ ọ̀hún ni ẹ ó kọ́kọ́ pàdánù. Ẹ lọ, ẹ la ojú yín sílẹ̀, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ máa ṣe iṣẹ́ wọn.