Ṣé À Ń Po Kọfí Ni, àbí À Ń Sè É?

"Bá mi ṣe kọfí." Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n "ṣe" kò jẹ́ ká mọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe gan-an. Ẹni tó da omi gbígbóná lé kọfí inú agolo, tó fi ṣíbí rò ó, ó po kọfí ni, bí a ṣe ń po ẹ̀kọ mímu.

Ọ̀tọ̀ ni ti ilẹ̀ Túrkì, tí UNESCO kọ àṣà kọfí wọn mọ́ àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé ní 2013. Wọ́n á yan hóró kọfí (kì í ṣe "dín", kò sáà sí òróró níbẹ̀, bí a ṣe ń yan ẹ̀pà ni). Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, wọ́n á bù ú sínú omi tútù àti ṣúgà nínú cezve, ìkòkò bàbà kékeré ọlọ́wọ́ gígùn, wọ́n á wá gbé e ka iná tí kò le. Wọ́n se kọfí. Wọ́n sè é. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí "sè" di ohùn àárín nígbà tí ọ̀rọ̀ orúkọ tẹ̀ lé e, ó sì padà nígbà tí arọ́pò-orúkọ dé. Ẹni tó bá fi àmì sábẹ́ "s" ti kúrò nídìí iná, ó ti padà sí "ṣe".

"Hó" ni mo fẹ́ràn jù. Omi ń hó lórí iná, ọṣẹ ń hó lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Ìfófòó ni ojú ń rí nínú méjèèjì. Kọfí Túrkì ló ya wọ́n sọ́tọ̀: ẹni tó ń sè é ń wá ìfófòó, kò fẹ́ kó hó yaya. Bó bá ti ń ru bọ̀ sẹ́nu ìkòkò, á tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á bu ìfófòó sí ife kọ̀ọ̀kan. Bó bá pẹ́ jù, ìfófòó á parẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ "kọfí híhó" tí àwọn kan ń kọ. Kọfí sísè ni.

Wọn kì í sẹ́ ẹ. Wọ́n á ní sùúrù kó silẹ̀, kí òkè rẹ̀ tòrò. Àwọn mìíràn, bí wọ́n bá mu ún tán, á da ife dé sórí àwo, wọ́n á máa wo ọjọ́ iwájú nínú ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má pe ohun náà ní ìdọ̀tí kọfí. Ìdọ̀tí ti ìta wá ni. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìyí, ara kọfí fúnra rẹ̀ ni, bíi ti ẹmu nísàlẹ̀ agbè.