Abẹ́rẹ́ Tó Ń Dẹ Iṣan: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé

Oògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Botox, èyí tí lẹ́tà mẹ́ta láti Àkànràn àti àwọn abúlé tó yí i ká dá lé lórí lọ́sẹ̀ yìí, jẹ́ oró tí kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Clostridium botulinum máa ń pèsè, tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn sọ di oògùn nípa fífi ìwọ̀nba bíńtín rẹ̀ gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà "iṣan" kó nǹkan mẹ́ta pọ̀ ní èdè Yorùbá: òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, fọ́nrán tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ káàkiri ara, àti ẹran ara tó ń fà tó sì ń dẹ̀, tí ènìyàn fi ń rìn, tó sì fi ń di nǹkan mú. Ohun kẹta yìí ni "iṣan" dúró fún nínú ìdáhùn yìí.

Bí ọpọlọ bá fẹ́ kí ọwọ́ di ọkọ́ mú, fọ́nrán tó gba iṣẹ́ náà yóò tú èròjà kan tó ń jẹ́ acetylcholine sára iṣan, èròjà yìí ni yóò sì sọ fún iṣan pé kó fà. Oró yìí ló ń dí fọ́nrán náà lọ́wọ́ láti tú èròjà ọ̀hún jáde, débi pé iṣan kò ní gbọ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ rán sí i, yóò sì dẹ̀. Agbára oògùn náà máa ń tán láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un gún. Ìbátan kòkòrò yìí, Clostridium tetani, tó wà nínú erùpẹ̀ oko, ló ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì tó máa ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbẹ̀ tí àdá ṣá pa. Ọ̀kan ń mú iṣan gan, èkejì ń mú un rọ.

Ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ìyàwó bàbá àgbàlagbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù lọ́dún tó kọjá, tí ọwọ́ òsì wọn ti ká kò, tí ìka sì di mọ́ àtẹ́lẹwọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná fi ń dá egbò sí i. Oníṣẹ́ físíò kan dárúkọ abẹ́rẹ́ yìí fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ní oògùn àwọn obìnrin olówó tí kò fẹ́ kí ojú wọn hunjọ ni. Òtítọ́ ni pé aláìsàn ló kọ́kọ́ ni oògùn náà. Dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà, Alan Scott, ló fi tọ́jú àwọn tí ojú wọn ṣẹ́, àjọ tó ń rí sí oògùn ní orílẹ̀-èdè náà sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1989 fún ojú ṣíṣẹ́ àti fún ìpéǹpéjú tó ń pa dé fúnra rẹ̀. Ọdún 2002 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i fún ìlà tó ń yọ lókè imú bí ènìyàn bá fajú ro, nígbà tó sì di 2010, wọ́n fọwọ́ sí i fún irú ọwọ́ tó gan bíi ti bàbá yìí.

Ohun tó fà á tí ọwọ́ náà fi gan ni pé àrùn rọpárọsẹ̀ ba apá ibi tó ń kó iṣan níjàánu nínú ọpọlọ jẹ́, tí iṣan fi ń fà láìsí ẹni tó ní kó fà. Dókítà tó mọ iṣẹ́ náà yóò yan iṣan tó ń ká ìka àti ọrùn ọwọ́ kò, yóò sì gún oògùn náà sínú wọn níwọ̀n-níwọ̀n. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ìyàtọ̀ yóò ti máa hàn, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó pé. Ó ṣe pàtàkì kí ìyá yìí mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà kò lè dá agbára tó ti lọ padà, nítorí náà irọ́ ni ẹnikẹ́ni tó bá tà á fún wọn gẹ́gẹ́ bí oògùn tó ń wo ẹ̀gbà ń pa. Ohun tí wọ́n lè retí ni pé àtẹ́lẹwọ́ yóò ṣí, wọn yóò lè fọ̀ ọ́, wọn yóò lè gé èékánná, apá yóò sì ṣeé kì bọ ẹ̀wù láìsí pé bàbá ń ké. Ẹni tó ti wẹ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí láràárọ̀ mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Bí wọn kò bá sì máa na ọwọ́ náà lójoojúmọ́ bí oníṣẹ́ físíò ṣe kọ́ wọn, owó abẹ́rẹ́, tó sì pọ̀, yóò ṣòfò. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ni kí wọ́n ti lọ béèrè, kí wọ́n sì mú ìwé gbogbo oògùn tí bàbá ń lò dání.

Ìyá náà tún bẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ lè mú kí ẹsẹ̀ rọ, gẹ́gẹ́ bó ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kan ní abúlé wọn. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti asán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀: fọ́nrán ńlá kan gba inú ìdí lọ sí ẹsẹ̀, bí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ bá sì gún abẹ́rẹ́ ibà bá a, ẹsẹ̀ ọmọ lè máa wọ́ nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Lẹ́tà kejì wá láti ọwọ́ ọ̀dọ́bìnrin ẹni ọdún 24 kan tó ń múra ìgbéyàwó, tí onídìrí kan ní Ìbàdàn sọ fún pé òun yóò gún un lábẹ́rẹ́ náà ní ẹ̀dínwó, láti inú ìgò tó wà nínú báàgì òun. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: kó má ṣe gbà. Inú òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń tọ́jú oògùn yìí sí, báàgì kì í sì í ṣe fìríìjì. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2024, ènìyàn 22 ní ìpínlẹ̀ 11 ni ayédèrú abẹ́rẹ́ yìí tàbí èyí tí wọn kò gún bó ṣe yẹ ṣe léṣe, àwọn kan nínú wọn sì dé ilé ìwòsàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbà á, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wá ń wálẹ̀, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí oúnjẹ kò lọ lọ́fun tàbí tí èémí ń ṣòro, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì, nítorí pé gentamicin tí wọ́n sábà máa ń gún níbẹ̀ lè mú kí oró náà le sí i. Aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ gbà á tìtorí ẹwà. Ojú ọmọ ọdún 24 kò sì nílò rẹ̀.

Lẹ́tà kẹta kúrú: bàbá ọmọ tuntun kan gbọ́ lórí rédíò pé kòkòrò yìí lè wà nínú oyin, ó sì béèrè ohun tí àwọn yóò ṣe lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Òótọ́ ni ohun tó gbọ́. Irúgbìn kòkòrò náà lè wà nínú oyin tó dára gan-an láìṣe àgbàlagbà ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìfun ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò tíì gbó tó láti dá a dúró, ó sì lè hù níbẹ̀, kó máa tú oró rẹ̀ sí ọmọ lára, kí ọmọ má lè mu ọmú dáadáa mọ́, kí ọrùn rẹ̀ sì rọ jọ̀bọ̀tọ̀. Kí wọ́n gbé oyin náà kalẹ̀, kí wọ́n fi wúre, kí ìyá àti àwọn àgbà tọ́ ọ wò, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi kan ọmọ lẹ́nu.